Òkété Kì Í Gbẹ́ Ihò Ẹlẹ́nu Kan

Ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ẹni tí kò bá ráyè kà á tán nísinsìnyí, kó fi í pamọ́ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ààbọ̀ rẹ̀ kí ẹ wá máa bú wa.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa níbí ní Sábó dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, òun àti màmá rẹ̀. Ó mú ìgò òróró lọ́wọ́. Ó ní òun ti ríṣẹ́, òun ń lọ sọ́nà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, kí a gbàdúrà fún òun, kí a sì ta òróró sí òun lórí. Inú wa dùn, torí ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó sílé. A wá bi í ní ìbéèrè kan: "Ihò tí ẹ máa wọ̀ yẹn, ẹnu mélòó ló ní?" Ó wojú màmá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ẹnu kan náà ni. Okùn ni wọ́n fi ń sọ wá kalẹ̀." A ní ẹ̀rọ tó ń fa omi ńkọ́? Ó ní ìsàlẹ̀ ihò níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, torí pé bí ó bá wà lókè, kì í lè fa omi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ oní-pẹtiróòlù ni o.

A dá ìgò òróró náà padà fún un.

Látìgbà náà ni fóònù wa ò ti sinmi. Wọ́n ní pásítọ̀ ti fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́. Wọ́n ní ìwé tí a kà ti pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ díplómà lásán ni a ní. Alàgbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ta ló sọ fún wa pé Ọlọ́run ò lè pa ènìyàn mọ́ nínú ihò ẹlẹ́nu kan, ṣebí Ó pa Dáníẹ́lì mọ́ nínú ihò kìnnìún.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Dáníẹ́lì. Dáníẹ́lì ò wáṣẹ́ lọ sínú ihò, wọ́n jù ú síbẹ̀ ni. Ẹ tún lọ ka orí kẹfà ìwé rẹ̀ dáadáa: ihò yẹn ní ẹnu kan, wọ́n gbé òkúta dí ẹnu náà, ọba sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Kí ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún? Kí ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ má bàa rọ́nà jáde ni. Ohun èlò ìpànìyàn ni ihò ẹlẹ́nu kan, àwọn ọ̀tá Dáníẹ́lì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ògo ni fún orúkọ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni Ìwé Mímọ́ ti ní kí a máa gbẹ́ irú ihò yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ, kí a wá ní kí Ọlọ́run máa tún iṣẹ́ ìyanu yẹn ṣe láràárọ̀? Ọba Dáríúsì gan-an ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn. Àwọn tó ni ihò lónìí ń sùn, wọ́n tún ń han-an-run.

Ẹ sì rántí pé nígbà tí èṣù gbé Jésù lọ sórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, tó ní kó bẹ́ sílẹ̀, ìlérí ìpamọ́ tó wà nínú Sáàmù ló fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Jésù ò bẹ́. Ṣé ìgbàgbọ́ Jésù ló kéré ni?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí ẹnu kejì ń ṣe, torí àwọn kan rò pé ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́. Afẹ́fẹ́ inú ihò kì í pààrọ̀ ara rẹ̀. Ẹ wo yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo nínú àwọn ilé tí a ń háyà ní Sábó: ẹ ṣí fèrèsé yẹn gbayawu, ooru ò ní jáde. Ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí i, kíá ni atẹ́gùn á gba inú yàrá kọjá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni abẹ́ ilẹ̀ rí. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wà nísàlẹ̀, èémí wọn ń ba afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ń tú èéfín. Ní ti èédú abẹ́ ilẹ̀, tirẹ̀ tún le jù: èédú fúnra rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ rere mu, ó sì ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní methane jáde, èyí tó lè gbaná kó bú gbàmù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń wa èédú ni ojú wọn kọ́kọ́ rí màbo jù, àwọn náà ló sì kọ́ ayé ní ọgbọ́n tí a ń sọ yìí.

Ihò méjì tó jìnnà síra ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á wá so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù á gba ọ̀kan wọlé, èyí tó ti bàjẹ́ á gba èkejì jáde. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń dáná sí ìsàlẹ̀ ihò kejì yẹn, kí ooru iná lè máa fa afẹ́fẹ́ lọ sókè bí èéfín ṣe ń fẹ̀ lọ lójú ààrò. Nígbà tó yá, fáànù ńlá gbapò iná. Wọ́n á tún fi ilẹ̀kùn sí àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa gba ẹ̀bùrú sá padà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú ihò kejì yìí náà ni àkàbà tàbí ẹ̀rọ ìgbéniròkè máa wà, kí àwọn èèyàn lè gbà á jáde lọ́jọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá dí. Nítorí náà, ihò afẹ́fẹ́ ni lójoojúmọ́, ihò àsálà ni lọ́jọ́ ibi.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lábúlé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tí a bá fẹ́ fi èéfín lé òkété jáde, kí la kọ́kọ́ ń ṣe? À ń wá ẹnu ihò yòókù kiri inú igbó ni. A ó dí wọn, tàbí kí ẹnì kan lúgọ síbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀. Ìdí ni pé òkété kì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan. Ẹranko tí kò lọ síléèwé, tí pásítọ̀ kankan ò ta òróró sí lórí! Ẹni tó dí ẹnu ihò òkété, ó fẹ́ pa á jẹ ni. Ẹni tó gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan, tó wá ní kí ọmọ ènìyàn wọ̀ ọ́ lọ, kí ni ká ní ó fẹ́ ṣe?

Ẹ gbọ́ ibi tí òfin ẹnu méjì ti ṣẹ̀ wá, torí ọ̀rọ̀ àdúrà wà nínú rẹ̀. Ní abúlé New Hartley, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi ìwakùsà èédú kan wà tó ní ihò kan ṣoṣo. Wọ́n fi pákó la ihò náà sí méjì láti òkè délẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba apá kan wọlé, kó gba apá kejì jáde. Ó jọ ẹnu méjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu méjì. (Irú ọgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ owó ná yẹn, ẹ ṣì máa bá a níbi púpọ̀ lónìí.) Ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fa omi wà lókè ihò náà, ọ̀pá irin rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 42. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1862, ọ̀pá yẹn dá sí méjì. Ààbọ̀ rẹ̀ já wọnú ihò, ó fọ́ pákó náà yángá, irin, pákó àti òkúta sì dí ọ̀nà pa. Àwọn tó wà lókè gbẹ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, gáàsì ti pa gbogbo wọn. Ènìyàn 204 ló kú lápapọ̀, àgbàlagbà àtọmọdé, torí bàbá àti ọmọ ló jọ ń wọ ihò nígbà yẹn.

Wọ́n bá ìwé kékeré kan lára ọ̀kan nínú wọn. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejì ìjàm̀bá náà, àwọn ṣe ìpàdé àdúrà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì dárúkọ àwọn tó gba àwọn yòókù níyànjú.

Ẹ̀yin ará, ìgbà àkọ́kọ́ tí a ka ìtàn yìí, a gbé ìwé sílẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn gbàdúrà! Inú òkùnkùn biribiri, gáàsì ń wọ̀ wọ́n lára, wọ́n ṣì ń gba ara wọn níyànjú. A gbà pé Olúwa gbà wọ́n sọ́dọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló máa dìde láti sọ pé ìgbàgbọ́ wọn ló kù díẹ̀ káàtó? Tí a bá fi ìgbàgbọ́ wọn wé tiwa, ojú á tì wá. Ihò tó jẹ́ ẹyọ kan ló pa wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ibi ìwakùsà èédú gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà méjì ó kéré tán. Ẹ wò ó, ohun tí ìsìnkú ènìyàn 204 fi kọ́ wọn nìyẹn. Àwa ò tíì kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún.

A ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan níbí. Ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n yọ àwọn awakùsà 33 láàyè ní San José, ní orílẹ̀-èdè Chile, gbogbo pásítọ̀ ló wàásù lé e lórí, àwa náà sì wàásù. A pariwo iṣẹ́ ìyanu títí ohùn wa fi há. Ọjọ́ 69 lábẹ́ ilẹ̀! Ohun tí a ò sọ fún ìjọ lọ́jọ́ yẹn ni pé ihò afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí òkè wó dí ọ̀nà, àwọn èèyàn náà sá lọ sídìí ihò afẹ́fẹ́ yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, àkàbà wá tán lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí àkàbà wà níbẹ̀ títí dókè, àwọn tó ni iṣẹ́ ò fi í sí i. Nígbà tó yá, ilẹ̀ tún wó, ihò yẹn náà sì dí. Odidi ọjọ́ 17 ni ẹnikẹ́ni ò fi mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láàyè. Báwo wá ni wọ́n ṣe yọ wọ́n? Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n lu ihò tuntun láti òkè, ó jìn ju 600 mítà lọ, wọ́n fi ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará, ẹnu kejì náà ni wọ́n wá padà gbẹ́! Owó àkàbà tí wọn ò fẹ́ ná, wọ́n ná ìlọ́po-ìlọ́po rẹ̀. Ọlọ́run ṣe iṣẹ́ ìyanu lóòótọ́, a ò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká dárúkọ àkàbà nínú ìwàásù ọjọ́ yẹn, a ò sì dárúkọ rẹ̀.

Àwọn kan ní àyànmọ́ ni, pé ẹni tó máa kú á kú. Ní Soma, ní orílẹ̀-èdè Turkey, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 2014, iná ṣẹ́ níbi ìwakùsà èédú, gáàsì carbon monoxide sì pa púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn 301 tó kú. Olórí ìjọba ibẹ̀ dáhùn pé irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀ níbi ìwakùsà, ó sì ń ka ìjàm̀bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rí. Àwọn ará ìlú fi ìbínú dá a lóhùn, ó sì tọ́ sí i. Òkú àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn di òfin. Ẹni tó bá ń ka òkú láìka òfin tó tẹ̀ lé e, ìdajì ìtàn ló ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní àyànmọ́, kí ló dé tí àyànmọ́ ò fi mọ ilé ẹni tó ni ihò? Ọmọ tálákà nìkan ló ń mọ̀.

Nílẹ̀ wa náà, ìwakùsà abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láti 1915 ni wọ́n ti ń wa èédú ní Enugu, inú òkè ni wọ́n gbẹ́ wọ̀. Èédú yẹn ni ọkọ̀ ojú irin wa jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtàn ibẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti Iva Valley, ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, nígbà tí ìbọn ọlọ́pàá pa awakùsà 21 lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn. Nígbà yẹn, ìjọba ló ni ihò, ènìyàn lè mọ ẹni tí yóò bá jà. Lónìí, òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì, ṣùgbọ́n ẹ dé ẹnu ọ̀pọ̀ ihò wọ̀nyí, ẹ ò ní bá ìwé àṣẹ kankan. Ní oṣù kẹfà 2024, ilẹ̀ wó lé àwọn awakùsà lórí ní Galkogo, ìjọba ìbílẹ̀ Shiroro, ìpínlẹ̀ Niger. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìyẹn ni ìjọba dá ẹ̀ṣọ́ ìwakùsà sílẹ̀ láti máa lé àwọn tí kò gbàwé àṣẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó mú ìbọn dání ò lè wọn afẹ́fẹ́. Ẹ rán àwọn tó mọ̀ ọ́n wọ̀n wá pẹ̀lú.

Ẹnì kan á ní, kí ló kan Sábó? Òótọ́ ni pé Rẹ́mọ ò ní èédú. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni tiwa, gbangba ojú ọ̀run ni wọ́n sì ti ń wà á. Ṣùgbọ́n kànga ńkọ́? Ta ni kò gbọ́ ọ rí, pé ẹnì kan wọ kànga lọ yọ garawa tàbí lọ gbẹ́ ẹrẹ̀, kò jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé lọ wò ó, kò jáde. Aládùúgbò tẹ̀ lé e? Wọ́n á wá ní ẹbọra inú kànga ló binú. Ẹbọra wo? Afẹ́fẹ́ burúkú ni. Tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ oní-pẹtiróòlù sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, èéfín rẹ̀ kò rọ́nà lọ, carbon monoxide inú rẹ̀ kò sì ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, orúnkún á rọ, oorun á gbéni lọ. Àwọn àgbà tó ń gbẹ́ kànga máa ń sọ fìtílà kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Bí ó bá kú, wọn ò ní wọlé. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò tó, torí fìtílà lè máa jó nínú carbon monoxide tó lè pa ènìyàn. Níbi tí gáàsì èédú bá sì wà, fìtílà gan-an ló máa dáná ìjàm̀bá. Ẹyẹ kékeré kan, canary, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé wọ ihò èédú títí di ọdún 1986, torí gáàsì yẹn á kọ́kọ́ mú ẹyẹ kó tó mú ènìyàn. Àwọn ọmọ wa ò ní ẹyẹ, wọn ò ní ẹ̀rọ, wọ́n ní òróró.

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ ni ihò. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ka èyí, torí ẹ máa ń mú ọrẹ ìdúpẹ́ wá, a sì ti gbà á rí láìbéèrè. Ẹ ní owó ihò kejì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀; ó lè tó owó ti àkọ́kọ́. Nígbà náà, tí owó yín kò bá tó ihò méjì, owó yín ò tíì tó ìwakùsà. Ẹ lọ ṣe òwò mìíràn. Ìwé Ẹ́kísódù orí 21 ní òfin kan pé bí ènìyàn bá ṣí kòtò sílẹ̀ láìbò ó, tí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹlòmíràn kó sí i, ẹni tó ni kòtò ló máa san án. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni o! Diutarónómì 22:8 sì pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ́lé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa jábọ́ látibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lórí ilé rẹ̀. Ọlọ́run ò ní kí wọ́n máa gbàdúrà kí ènìyàn má jábọ́. Ó ní kí wọ́n mọ ògiri.

Nígbà tí wọ́n ju Jeremáyà sínú kòtò ẹrẹ̀, adúláwọ̀ kan, Ebedi-Méléékì, lọ bá ọba. Ó gba ọgbọ̀n ọkùnrin, ó wá okùn, ó sì wá àkísà tí wòlíì máa fi sí abíyá kí okùn má bàa bó o lára. Àkísà! Ẹ wo bí ó ṣe ro ó débẹ̀. Tí àwa pásítọ̀ bá ń wá àpẹẹrẹ nípa ọ̀rọ̀ ihò, ẹni yẹn ni ká fìwà jọ.

Kí ẹ má bàa ní ará ìta nìkan là ń bá wí: gbọ̀ngàn ìjọsìn tiwa náà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọdún mẹ́ta gbáko la fi àgádágodo tì í nítorí olè, inú àpò ẹnì kan tí kì í tètè dé ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń wà. Ọjọ́ Jímọ̀ la yọ àgádágodo náà. Ilẹ̀kùn yẹn á máa wà ní ṣíṣí nígbà tí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́, a ó sì wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Láti òní lọ, a ò ní ta òróró sórí ẹnikẹ́ni tó ń lọ wọ ihò ẹlẹ́nu kan, a ò sì ní gba ọrẹ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ìjọ pọ̀ ní Ṣágámù. Ní ti ọmọkùnrin wa, màmá rẹ̀ ò tíì kí wa láti Ọjọ́rú, a ò sì dá a lẹ́bi. Ebi ò mọ ìwàásù. Bàbá kan nínú ìjọ tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti gbà pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun láti ọ̀la, ìjọ á sì fi díẹ̀ kún owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe owó góòlù, a mọ̀.

Bí ẹni tó gbà á síṣẹ́ lọ́hùn-ún bá ka èyí: Ọ̀gá, ẹ gbẹ́ ẹnu kejì, ẹ fi àkàbà sí i títí dókè, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn jáde kúrò nínú ihò. Tí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ pè wá. A ó wọkọ̀ láti Sábó níbí, a ó wá fojú ara wa wò ó, òróró tiwa la ó sì mú dání wá.